Pípa Wà, Títàn Kò Sí

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ń bá yín sọ̀rọ̀: n kò lè fara da ìdàrúdàpọ̀. Bí mo bá wọ ilé ìdáná ẹlòmíràn tí mo rí ṣíbí láàárín àwọn ọ̀bẹ, ọwọ́ mi á máa yún mi títí n ó fi tò ó. Ìyá mi ní àìsàn ni, èmi ní ìwà mímọ́ ni. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wo àwọn àṣẹ inú kọ̀ǹpútà ilé ọkọ mi, igbe tí mo ké pọ̀ débi pé télọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé náà sáré gòkè wá wò mí.

Orúkọ mi ni Kòfowórọlá. Oṣù mẹ́ta péré ni mo ti di ìyàwó Ṣùbòmí, àbíkẹ́yìn ilé Ọládèjì. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n sì ti ń ta oògùn l'Ékòó láti ayé bàbá wọn. Oògùn wọn kì í ṣe irú èyí tí a ń tò sórí káńtà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ni, àti abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, èyí tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù láti ìgbà tí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú títí tí yóò fi dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní yàrá tútù mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n Taoheed, àkọ́bí wọn, ló ń bójú tó ti Mushin. Ẹ̀gbọ́n Julius ló ni ti Ìgànmú. Àǹtí Ọmọ́níkẹ́, obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn, ló ni ti Ìjọra. Ọkọ tèmi ló ń wa ọkọ̀ tí ń pín oògùn kiri.

Láti yàrá kékeré kan ní Sùúrùlérè, lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ni a ti ń darí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú fáànù kan àti àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ á tẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, ẹ̀rọ tó wà ní Ìjọra á gbọ́, á sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn là ń pè ní àṣẹ. Kí n tó lọ́kọ, ọdún márùn-ún ni mo fi kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ní Yábàá. Inú ilé Ọládèjì dùn pé ìyàwó tuntun mú iṣẹ́ lọ́wọ́ wá.

Ìyàwó méjì ló ti ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú mi. Àǹtí Haleemah, aya Ẹ̀gbọ́n Taoheed, ni ìyálé gbogbo wa, òun ló sì kọ àwọn àṣẹ àkọ́kọ́ ní ọdún méjìlá sẹ́yìn. Àǹtí Christianah, aya Ẹ̀gbọ́n Julius, ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí Àǹtí Haleemah lọ dá ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ ní Mushin, wọ́n ní kí n wá rọ́pò rẹ̀.

Igba àṣẹ ó lé mẹ́rìnlá ni mo bá níbẹ̀. Mo kà á, mo tún un kà, ẹnu yà mí. Àwọn ti Àǹtí Haleemah ń fi orúkọ ṣáájú kí iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e: akọ̀wé-pa, akọ̀wé-tan, olóworími-jí. Àwọn ti Àǹtí Christianah ń fi iṣẹ́ ṣáájú: pa-pẹ̀lúmi, tan-bàbáwa, wo-eyínfúnjowó. Bí a bá fẹ́ jí ẹ̀rọ, níbi kan ó jẹ́ tan, níbi kejì ó jẹ́ jí, níbi kẹta ó jẹ́ dìde. Àwọn kan tún wà láàárín wọn tí n kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n wà fún rárá: ẹ-kú-ojúmọ́, ó-dàbọ̀, agbè-ò-fọ́. Mo rẹ́rìn-ín èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Mo ní àwọn ìyá yìí mà ń ṣeré o.

Mo bi Àǹtí Christianah, ẹni tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, "Àǹtí, ta ni Pẹ̀lúmi?"

"Àkọ́bí mi nù un. Ṣé Bàbá Pẹ̀lúmi ni mò ń pe ọkọ mi. Pẹ̀lúmi ni Ìgànmú. Bàbá-wa ni Mushin. Eyínfúnjowó ni Ìjọra."

"Kí ló dé tí ẹ ò kúkú kọ Ìgànmú, Mushin, Ìjọra?"

Ó yíjú sí mi. "Kòfo, bí yàrá bá gbóná, ṣé Ìgànmú ni màá pè lórí fóònù ni? Èèyàn là ń pè."

Mo gbé ìyẹn mì. Mo tún bi í léèrè Akọ̀wé, Olóworími àti Ìbàdíàrán.

"Ti Àǹtí Haleemah nìyẹn," ó ní. "Èmi kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ ìyálé mi o. Nígbà tí mo dé, mo kọ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn ni. Bi wọ́n."

N kò bi wọ́n. Ibí yìí ni ẹ̀bi mi ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì ní fi í pamọ́. Yàrá mẹ́ta ni a ní, Àǹtí Christianah sì ti fún mi ní orúkọ mẹ́ta. Ó pé. Kí wá ni orúkọ mẹ́ta mìíràn ń wá? Mo sọ fún ara mi pé yàrá àwọn àbúrò bàbá wọn tó ti kú ni, tí wọ́n ti tì pa tipẹ́tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti bá mi wí nílé yẹn pé mò ń pe àwọn ọmọ ilé lórúkọ, nígbà tí gbogbo ayé mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, orúkọ tirẹ̀ ni yóò fún un. Mo ti fèsì pé ayé àtijọ́ nìyẹn. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èmi kò wo ilé, mo fẹ́ máa yí orúkọ ọmọ onílé padà.

Nǹkan kan tún wà tí ó yẹ kí n ti rí. Ní ìdájí ojoojúmọ́, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa ń sinmi kí yìnyín ara irin rẹ̀ lè yọ́, lẹ́yìn náà a ó jí i. Ti Mushin àti ti Ìgànmú ń jí lásìkò, nítorí Àǹtí Christianah ti ṣètò wọn bẹ́ẹ̀. Ti Ìjọra náà ń jí. N kò bi ara mi léèrè ẹni tí ń jí i.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Àǹtí Christianah lọ sí Ìgànmú, èmi nìkan ló kù ní ọ́fíìsì. Mo ní òní ni n ó gbálẹ̀ ilé yìí. Ìlànà ni pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa yàrá kí a tó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ìbàdíàrán ni mo mú ṣáájú, mo sì ní ìdí. Ó ní ìbàdíàrán-pa, kò ní ìbàdíàrán-tan. Mo wá títí, kò sí jí, kò sí dìde. Ohun tó bá ní pípa tí kò ní títàn, òkú ni. Mo ronú bẹ́ẹ̀, orí mi sì wú sí ọgbọ́n ara mi.

Ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo tẹ ìbàdíàrán-pa. Kọ̀ǹpútà dáhùn pé ó ti kú. Mo bu sóbò mu, mo sì fa àmì pupa sórí orúkọ náà nínú ìwé mi. Mo fẹ́ kọjú sí Akọ̀wé ni fóònù mi dún.

"Kòfo!" Àǹtí Ọmọ́níkẹ́ ni. Obìnrin yẹn kì í pariwo. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ju mẹ́ta mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan. "Kí lẹ ṣe sí ẹ̀rọ mi?"

"Ẹ̀rọ wo, mà?"

"Ẹ̀rọ kóòdù rúùmù mi! Ó dákẹ́ wàì. Mò ń tẹ bọ́tìnnì ara ògiri, iná pupa ló ń tàn. Ẹ ti pa á láti ọ̀dọ̀ yín!"

Mo wo ìwé mi, mo wo àmì pupa tí mo fà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣi wo-eyínfúnjowó tẹ̀ kí ó tó gbà. Ìwọ̀n ooru yàrá Ìjọra jáde: márùn-ún. Láàárọ̀ yẹn mẹ́ta ni mo bá a. Bí ó bá kọjá mẹ́jọ, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ di ìdọ̀tí, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fún ọmọ ènìyàn ní ìkankan nínú rẹ̀.

Ìbàdíàrán ni Eyínfúnjowó. Ènìyàn kan ṣoṣo ni. Ìyàwó méjì, orúkọ méjì, yàrá kan. Mo dìde, mo tún jókòó.

"Àǹtí, kí ló wà nínú rẹ̀?" mo bèèrè.

"Abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà tó balẹ̀ lánàá. Ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni. Ọmọ mọ́kàndínlógójì ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n ń bọ̀ wá gbé e lọ́sàn-án yìí. Ó ku ọjọ́ méjì kí tọwọ́ wọn tán. Òmíràn ò ní dé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà." Ó mí kanlẹ̀. "Kòfo, tan ẹ̀rọ mi."

Mo ní mo ń tàn án. Irọ́ ni mo pa. Kí ni n ó tẹ̀? Mo tẹ ìbàdíàrán-tan, kọ̀ǹpútà ní kò mọ̀ ọ́n. Mo tẹ ìbàdíàrán-jí. Kò mọ̀ ọ́n. Mo tẹ tan-ìbàdíàrán, mo tẹ tan-eyínfúnjowó, mo tẹ dìde-eyínfúnjowó. Kò mọ ọ̀kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn àṣẹ Àǹtí Haleemah wò níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń pe ìkejì, ìkejì ń pe ẹ̀kẹta, nọ́ńbà ló sì fi ń pe àwọn yàrá nínú wọn, n kò mọ nọ́ńbà ta ni ta ni. Mo ṣí mẹ́wàá, mo ṣí ogún. Ọmọ mọ́kàndínlógójì. Mo ń gbọ́ iye yẹn létí mi bí ẹni pé ẹnì kan ń kà á sí mi.

Wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni o: yàrá tí a bá fi àṣẹ pa, àṣẹ nìkan ló lè jí i, kí òṣìṣẹ́ kankan má bàa máa fọwọ́ kan bọ́tìnnì bó ṣe wù ú. Mo pe Ṣùbòmí kí ó wá kó oògùn náà lọ sí Ìgànmú. Ó ní òun ti kọjá Ìkòròdú. Kúlà mẹ́rin ló wà ní Ìjọra, kò sì lè gba ìdá mẹ́ta ohun tó wà nínú yàrá.

Àǹtí Christianah já wọlé pẹ̀lú ìmí gbígbóná, Àǹtí Ọmọ́níkẹ́ ti pe òun náà. Ìwọ̀n ooru ti di mẹ́fà.

"Àǹtí, kí ni wọ́n fi ń jí Ìjọra?" mo kígbe. "Kí ni Àǹtí Haleemah fi ń jí i?"

"Mi ò mọ̀." Ó di orí mú. "Mo ti sọ fún ẹ, mi ò fọwọ́ kan tiwọn rí. Wíwò nìkan ni mo máa ń wò ó. Ìgbà gbogbo tí mo bá wò ó, ó ti jí."

"Ọdún mélòó lẹ ti ń wò ó?"

"Mẹ́jọ."

Ọdún mẹ́jọ! Ẹnu mi ò lè padé. Ọdún mẹ́jọ ni obìnrin méjì fi jókòó nínú yàrá kan náà, tí èyí kò bi tọ̀hún léèrè bí nǹkan kan ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé a kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ àgbà. Inú bí mi. Mo fẹ́ fi ìbínú náà lé e lórí, àmọ́ mo rántí ẹni tó tẹ ìbàdíàrán-pa.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n," mo ní.

Àǹtí Christianah kò mú fóònù rẹ̀. Ó tọ́ka sí tèmi tó wà lórí tábìlì, tí Àǹtí Ọmọ́níkẹ́ ti padà wá sórí rẹ̀, ó sì fà mí sún mọ́ ojú fèrèsé. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Wọn ò kí ara wọn. Ọdún mẹ́sàn-án rè é."

"Ta ni ò kí ta ni?"

"Àǹtí Haleemah àti Ọmọ́níkẹ́. Ṣé Àǹtí Haleemah bí ọmọkùnrin kan nígbà yẹn. Ọjọ́ mọ́kànlá lọmọ náà lò. Gbogbo wa la lọ kí wọn, Ọmọ́níkẹ́ ò lọ. Àjẹsára balẹ̀ lọ́jọ́ náà, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọṣẹ́, kò fi Ìjọra sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó máa wá dé, ojú ti tì í. Ọ̀rọ̀ ọjà ló ń sọ. Kò sọ nǹkan kan nípa ọmọ náà. Láti ọjọ́ yẹn, Àǹtí Haleemah ò pè é ní Ìbàdíàrán mọ́. Wọn ò pè é ní nǹkan kan."

Mo ti jẹun pẹ̀lú àwọn obìnrin méjèèjì yìí nílé kan náà, lórí tábìlì kan náà, n kò sì fura. Mo kàn rò pé Àǹtí Ọmọ́níkẹ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni.

Mo padà sídìí tábìlì. Mo ní, "Àǹtí Ọmọ́níkẹ́, Àǹtí Haleemah nìkan ló mọ ohun tá a lè fi jí i. Mo fẹ́ pè wọ́n."

Mo ń gbọ́ ìró àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń di páálí sínú kúlà.

"Àǹtí mi, ó ti di mẹ́fà ààbọ̀."

"Pè é," ó ní. "Má sọ fún un pé mo wà níbí."

Àǹtí Christianah pe ìyálé wa, ó sì fi fóònù rẹ̀ lélẹ̀ sí ohùn gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ó dún títí, ó gé. Ó tún un pè. Ó gé. Mo wo ìwọ̀n ooru. Méje. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run sókè, n kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n gbé e, pẹ̀lú ariwo àwọn ọmọdé tí ń ka a-b-d.

"Christianah, mo wà ní kíláàsì o."

"Àǹtí, Kòfowórọlá ni mà," mo já ọ̀rọ̀ gbà. "Mo ti pa Ìjọra. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò mọ̀ pé Ìbàdíàrán ni. Mi ò rí ohun tí mo lè fi tàn án. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àṣẹ ẹ̀?"

Ariwo àwọn ọmọdé jìnnà síwájú. Ó ti jáde sí ìta. Mo rò pé yóò bú mi, mo sì ti múra sílẹ̀ fún un. Kò bú mi.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?" ó bèèrè.

Mo wo fóònù tèmi, níbi tí orúkọ Àǹtí Ọmọ́níkẹ́ ti ń tàn lójú rẹ̀. Àǹtí Christianah wo ilẹ̀.

"Èmi àti Àǹtí Christianah ni, mà."

"Ojú ń tì mí láti sọ ọ́." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Láti ilé ni mo ti máa ń jí i fúnra mi, láràárọ̀, kí n tó kírun tán ni nígbà mìíì. Mi ò gbé ìyẹn fún ẹ nígbà tí mò ń lọ. Ó yẹ kí n gbé e fún ẹ. Tẹ agbè-ò-fọ́."

Mo ti gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà kí n tó dúró. "Agbè-ò-fọ́?" mo ní. Àṣẹ tí mo fi ṣẹ̀rín. Ó wà nínú ìwé mi pẹ̀lú àmì pupa, ọ̀la ni mo fẹ́ dà á nù. "Àǹtí, kí ló dé tó fi jẹ́ agbè-ò-fọ́?"

N kò mọ ìdí tí mo fi bèèrè nígbà tí oògùn ń bàjẹ́ lọ. Ó bọ́ lẹ́nu mi ni.

"Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé wá sọ fún mi nígbà tí ọmọ mi lọ nìyẹn," Àǹtí Haleemah ní. "Omi ló dà nù, agbè ò fọ́. Ẹnì kan ló kù tí kò sọ ọ́. Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Èmi ni mo máa ń di irun ẹ̀ lọ síléèwé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé yẹn. Mo dúró kó wá sọ ọ́, kò sọ ọ́. Mo wá fi sídìí ẹ̀rọ ẹ̀, kí n lè máa sọ ọ́ fún ara mi láràárọ̀. Tẹ̀ ẹ́, jàre."

Mo tẹ̀ ẹ́.

Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sójú pé yàrá ti jí. Láti inú fóònù mi, láti Ìjọra, mo gbọ́ ohùn irin kan tó gbọ̀n, tó kọ́, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwọn òṣìṣẹ́ hó yèè. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù náà kíákíá kí Àǹtí Haleemah má bàa gbọ́ wọn.

"Ó ti jí?" ó bèèrè.

"Ó ti jí, Àǹtí. Ẹ ṣeun. Ẹ má bínú."

"Máa bi mí léèrè nǹkan, Kòfo. Èmi kì í jẹ èèyàn." Ó gé e.

Méje àti ìdá mẹ́ta ni ìwọ̀n ooru náà dé kí ó tó dúró. Ó dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lẹ́yìn náà ó di méje, ó di mẹ́fà. Mo bú sẹ́kún bí ọmọdé. Àǹtí Christianah náà ń sunkún, àmọ́ mo mọ̀ pé kì í ṣe nítorí oògùn.

Mo gbé fóònù mi. "Àǹtí Ọmọ́níkẹ́?"

Ó wà níbẹ̀. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo rò pé yóò sọ pé kí n lọ jókòó sílé ọkọ mi kí n má tún fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́, ì bá sì jàre.

"Láràárọ̀?" ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, mà."

"Ọdún mẹ́sàn-án?"

Mo tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá kọ̀ǹpútà tó wà lọ́dọ̀ òun ní Ìjọra lè tẹ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Mo ní ó lè tẹ̀ ẹ́, mo sì ṣàlàyé ibi tí yóò ti ṣí i. Kò dúpẹ́, kò bú mi. Ó ní òun fẹ́ lọ ka páálí.

Ní ọ̀sán, wọ́n wá gbé oògùn àwọn ọmọ náà, ó pé pérépéré, ó tutù. Mo jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, mo pe Àǹtí Haleemah ní ìgbà mọ́kànlá, mo bi í ní ọ̀rọ̀ àṣẹ kọ̀ọ̀kan, Àǹtí Christianah sì jókòó tì mí. Pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn méjèèjì, mo to gbogbo rẹ̀: iṣẹ́ ṣáájú, ibi tẹ̀ lé e. Pa-ìjọra. Wo-mushin. Tan-ìgànmú. Ẹni tí kò bá mọ ìyàwó kankan nílé Ọládèjì lè jókòó síbẹ̀ lọ́la kí ó má ṣìnà. Igba àṣẹ ó lé mẹ́tàlá ni mo yí orúkọ wọn padà. Èmi tí n kò lè fara da ìdàrúdàpọ̀, mo fi ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rù kò jẹ́ kí n sùn dójú ọjọ́. Nínú ilé wa ní Yábàá, mo ṣí láptọ́ọ̀pù mi kí n lè fojú ara mi rí i pé Ìjọra jí. Ṣùbòmí ṣì ń hanrun. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Àǹtí Haleemah máa ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú méjìlá, àṣẹ náà hàn lójú ẹ̀rọ. Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ ibi tí àṣẹ ti wá sí. Ìjọra ni mo kà níbẹ̀, mo sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Kò pẹ́ tí fóònù mi dún.

"Kòfo, ṣé ìwọ lo jí Ìjọra?" Àǹtí Haleemah ni, ohùn rẹ̀ ga. "Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní wọ́n ti jí i. Ta ló tẹ̀ ẹ́? Ta lo sọ ọ́ fún?"

"Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan, Àǹtí. Ẹnì kan wà lórí fóònù tèmi lánàá nígbà tí ẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Mo purọ́ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibi tó ti wá."

Mo gbọ́ bí ó ṣe ń tẹ nǹkan. Mo gbọ́ ìlẹ̀kùn kan, mo gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n Taoheed tó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ìbàdíàrán," Àǹtí Haleemah ní.

Ó pè é jẹ́ẹ́jẹ́, bí a ṣe ń pe ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe èmi ni ó ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Mo rọra pa fóònù náà.